Ọmọ Ọjọ́ Ajé àti Ọmọ Ọjọ́rú: Bí A Ti Ń Wọn Ìwà àti Làákàyè Ẹ̀dá

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ èdè Yorùbá ní Kumasi

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí ti ń kọ àwọn àgbà lóminú láti ìgbà ìwáṣẹ̀: kí ló dé tí ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n mu ọmú kan náà, tí wọ́n jẹ nínú abọ́ kan náà, fi ń yàtọ̀ síra, tí ọ̀kan ní sùúrù tí èkejì kò ní, tí ọ̀kan gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì yé e, tí èkejì sì ń fẹ́ kí a tún un sọ? Àwọn baba wa dáhùn pé orí ni, pé ohun tí a kúnlẹ̀ yàn ni a dáyé bá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lóde òní tí wọ́n sọ ìwà àti ìrònú ẹ̀dá di ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ní yunifásítì, àwọn tí à ń pè ní sàíkọ́lọ́jísìtì. Àwọn wọ̀nyí kò bá orí jà, wọn kò sì gbè sẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè tiwọn ni pé báwo ni a ṣe lè wọn ìyàtọ̀ náà, kí a sì fi nọ́ńbà sí i, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tún un wọ̀n lọ́la yóò rí ohun tí a rí lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn gidi kan ní Kumasi, Oseikrom, ìlú Osei Tutu, ibi tí Okomfo Anokye ti gún idà mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fà á tu, ilẹ̀ tí àga wúrà ti ti òfurufú sọ̀ kalẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí àwọn onílẹ̀ ti ń pìtàn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé ààrin àwọn Asante pẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ tí a bí ọmọ ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ kí bàbá rẹ̀ tó ronú orúkọ mìíràn. Ọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ajé ni Kwadwo, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Kwabena, ti Ọjọ́rú ni Kwaku, ti Ọjọ́bọ̀ ni Yaw, ti ọjọ́ Ẹtì ni Kofi, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Kwame, ti ọjọ́ Àìkú sì ni Kwasi. Àwọn obìnrin ní tiwọn pẹ̀lú, láti orí Adwoa títí dé orí Akosua. Kradin ni wọ́n ń pe orúkọ yìí, nítorí pé ti kra ni, èyíinì ni ẹ̀mí tí ọmọ gbà lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá kí ó tó wá sáyé, tí ó jọ orí lọ́dọ̀ wa púpọ̀. Ó sì ní oríkì tí ń tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti ń pe Kwadwo ní Okoto, tí wọ́n ń pe Kwasi ní Bodua, tí wọ́n sì ń pe Yaw ní Preko. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, àwa tí a ní Òjó àti Àìná, Ìgè àti Dàda, tí a sì ń sọ pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ohun tí àwọn Asante fi kún un ni pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń fún ọmọ rẹ̀ ní ìwà: wọ́n ní ọmọ ọjọ́ Ajé jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í fa wàhálà, wọ́n sì ní ọmọ Ọjọ́rú gbóná lára, ó yá sí ìbínú, ó yá sí ìjà.

Ní ọdún 1952, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Gustav Jahoda, ọmọ bíbí ìlú Vienna, dé sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Gold Coast, bí a ti ń pe Ghana nígbà náà, láti wá ṣe olùkọ́. Àìmọye Òyìnbó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ Kwadwo àti Kwaku yìí ṣáájú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n sì kọjá lọ. Ọkùnrin yìí ní tirẹ̀ wá ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti lè fi ojú hàn tí a ó fi lè kà á. Ó lọ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọdékùnrin tí a mú wá síwájú ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé ní Kumasi yìí, ó ka iye Kwadwo, ó ka iye Kwaku, ó ka gbogbo àwọn ìyókù, ó sì yẹ ìwé orúkọ ilé-ìwé wò pẹ̀lú, kí ó lè mọ bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó láàrin àwọn ọmọ tí kò sí ẹjọ́ lọ́rùn wọn. Ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀. Bí ọjọ́ ìbí kò bá ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ìwà, bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yẹ kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, kí ó má sì dín púpọ̀. Ohun tí ó rí, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1954, ni pé àwọn Kwadwo kéré ju ìpín wọn lọ láàrin àwọn tí a dá lẹ́bi, àti pé àwọn Kwaku pọ̀ ju ìpín wọn lọ láàrin àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jẹ mọ́ ìjà àti lílu ẹlòmíràn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí báyìí pé, ẹ ò rí i, àwọn àgbà kò parọ́. Ẹ ní sùúrù. Jahoda fúnra rẹ̀ fi ìṣọ́ra sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí lè gbà wáyé ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tí gbogbo ilé ti ń sọ fún láti kékeré pé oníjàgídíjàgan ni, tí ìyá rẹ̀ ń pariwo pé Kwaku náà ni nígbàkúùgbà tí àwo bá fọ́, yóò gbé ìwà tí a ti rán fún un wọ̀, yóò sì máa gbé inú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìwà Kwaku kò burú ju ti Kwadwo lọ rárá, ṣùgbọ́n pé nígbà tí àwọn méjèèjì bá jà, Kwaku ni àwọn aládùúgbò yóò kọ́kọ́ fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìwé ilé ẹjọ́ kò ka gbogbo ẹni tó jà. Ẹni tí ọwọ́ bà ni ó kà. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá fi ọjọ́ méje wé oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ̀ ti pa ìfiwéra tí ó pọ̀ jọ, èèṣì nìkan sì lè mú kí ọ̀kan nínú wọn yọrí. Èmi ní tèmi gbà pé ìdí àkọ́kọ́ àti ìkejì ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí n tó kọjá níbẹ̀: Ananse aláǹtakùn, ẹlẹ́tàn inú àlọ́ ilẹ̀ yìí, tí í ṣe ẹgbẹ́ Ìjàpá wa nínú ọgbọ́n àrékérekè, Kwaku ni orúkọ tirẹ̀ náà. Ta ni yóò gbọ́ àlọ́ Kwaku Ananse láti kékeré, tí a ó wá gbé ọmọ Ọjọ́rú sí i lọ́wọ́, tí kò ní máa ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀?

Àwọn kan ti dán agbára irú ìrètí bẹ́ẹ̀ wò. Ní 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson gbé ìwé kan jáde nípa ilé-ìwé kan ní California, níbi tí wọ́n ti sọ fún àwọn olùkọ́ pé àwọn ọmọ kan yóò tayọ láìpẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kàn mú orúkọ àwọn ọmọ náà láìwo ọgbọ́n wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ kéékèèké nínú wọn tayọ ní tòótọ́ kí ọdún tó parí. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣirò inú ìwé náà, àwọn tó sì tún un ṣe lẹ́yìn náà kì í sábà rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe olùkọ́ rí kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Báwo wá ni a ṣe ń wọn ìwà nígbà tí kò sí ìwé ilé ẹjọ́? Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Ní 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan, wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 18,000. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn, tí Raymond Cattell jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, lo ìṣirò láti kó àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń rìn pọ̀ sójú kan, títí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ fi fẹnu kò lórí márùn-ún: bí ènìyàn ti fẹ́ràn àwùjọ tó, bí ó ti ń bá ènìyàn rẹ́ tó, bí ó ti ń tẹra mọ́ iṣẹ́ tó, bí ọkàn rẹ̀ ti ń dà rú tó, àti bí ó ti ń ṣí ọkàn sí ohun titun tó. Wọn yóò wá fún ọ ní ìwé ìbéèrè, bí irú èyí: “Mo máa ń parí iṣẹ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀”, ìwọ yóò sì mú ọ̀kan nínú ìdáhùn márùn-ún, láti orí “bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá” dé orí “bẹ́ẹ̀ gan-an ni.” Ẹ̀yin náà ti rí ibi tó kù sí. Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni òun, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni ó ń wá? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń béèrè ohun kan náà lọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n ń yí òmíràn sódì, tí wọ́n sì ń bi ìyàwó, ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀gá onítọ̀hún léèrè pẹ̀lú. Ojú ará ilé ni a fi ń mọ ìwà.

Hugh Hartshorne àti Mark May kò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1920, wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ìwé sí ibi tí wọ́n ti lè rẹ́ni jẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí wọn: níbi ìdánwò, níbi eré, níbi iṣẹ́ àmúrelé. Ohun tí wọ́n rí dun àwọn oníwàásù, nítorí pé ọmọ tó jí ìdáhùn wò nínú kíláàsì lè jẹ́ olóòótọ́ níbi eré, olóòótọ́ inú kíláàsì sì lè parọ́ nílé. Ìwà wà, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn wà àti ohun tó wà níwájú rẹ̀ ń fà á sọ́tùn-ún sósì ju bí à ti ń rò lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ń sọ pé kò sí àbínibí. Kofi Annan, tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rí, ìlú Kumasi yìí ni a ti bí i, ní ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kẹrin ọdún 1938, pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ obìnrin, ìdí nìyẹn tí orúkọ ìbejì, Atta, fi wà láàrin orúkọ rẹ̀. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjobí, ẹni tí a bí sílé alákìísà tí ó sọ alákìísà di aláṣọ, àwọn onímọ̀ náà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí wọn. Àwọn ìbejì kan wà tí wọ́n ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, tí wọ́n jọra bí ojú kan. Àwọn mìíràn wá láti inú ẹyin méjì, wọn kò sì jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ. Bí a bá wọn ìwà àti làákàyè àwọn méjèèjì, irú ti àkọ́kọ́ a máa súnmọ́ ara wọn ju irú ti ìkejì lọ, èyí sì ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Síbẹ̀, Táíwò àti Kẹ́hìndé tó ti inú ẹyin kan wá, tí wọ́n sì dàgbà nínú ilé kan, kò ní ìwà kan náà tán pátápátá, ìyá tó tọ́ wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan làákàyè, èyí tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù jù. Ní ìlú Paris, ní 1904, ìjọba Faransé yan ìgbìmọ̀ láti wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kò wọ̀ lórí. Ní 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé iṣẹ́ 30 jáde, tí wọ́n tò láti orí èyí tó rọrùn jù dé orí èyí tó le jù, bí kí ọmọdé máa fi ojú tẹ̀ lé iná ìṣáná, kí ó sọ orúkọ ohun tó wà nínú àwòrán, kí ó tún nọ́ńbà tí a pè fún un pè. Èrò Binet ni pé kí a fi mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ kí a sì ràn án lọ́wọ́. Kò pète rẹ̀ láti fi ilẹ̀kùn sé mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kú ní 1911, àwọn ẹlòmíràn sì gba iṣẹ́ náà ṣe bí ó ti wù wọ́n. Ní 1939, David Wechsler gbé irú ìdánwò rẹ̀ kalẹ̀ fún àgbàlagbà ní New York, nínú èyí tí a ti ń fi ènìyàn wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí: ẹni tó wà láàrin gbùngbùn yóò gba 100, bí 68 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò sì wà láàrin 85 àti 115. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà yìí kò sí nínú orí ọmọ bí ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú iṣan rẹ̀. Ipò ọmọ láàrin àwọn tí a fi í wé ni ó ń sọ, ẹni tó bá sì yí àwọn afiwé padà ti yí nọ́ńbà padà.

Ẹ̀yin ìyá olónjẹ tí ẹ ń fi olonka wọn gàrí ní ọjà Kumasi, bí àwọn ará ilé ti ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n ní Ìbàdàn, ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ju àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Agolo tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú yóò máa wọn iye kan náà láti àárọ̀ dé alẹ́, kò ní yẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò máa pa láti àárọ̀ dé alẹ́. Ìbéèrè méjì ni onímọ̀ tòótọ́ máa ń bi ìdánwò: ṣé ohun kan náà ni yóò sọ bí a bá tún un ṣe, ṣé ohun tí a ní kí ó wọ̀n sì ni ó ń wọ̀n ní tòótọ́? Ìdánwò púpọ̀ ló yege nínú èkíní.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, àwọn sàíkọ́lọ́jísìtì dán ọmọ ogun bíi 1,700,000 wò. Ìbéèrè nípa ọjà àti eré ìdárayá ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Italy àti Poland dé sì fìdí rẹmi, ni àwọn ènìyàn ńláńlá bá ń kéde pé aláìgbọ́n ni àwọn ẹ̀yà náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni James Flynn fi hàn ní 1984 pé àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ń fi bí máàkì mẹ́ta lé èsì ìdánwò làákàyè wọn láàrin ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá láti àwọn ọdún 1930. Ẹ̀jẹ̀ kì í yí padà láàrin ìran kan. Ilé-ìwé, oúnjẹ àti irú ìrònú tí ayé ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ni ó yí padà.

Irú ìrònú yìí yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní Liberia, àwọn ọ̀mọ̀wé kó nǹkan 20 síwájú àwọn àgbẹ̀ Kpelle, oúnjẹ, irinṣẹ́, ohun ìdáná àti aṣọ, wọ́n ní kí wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ti bára mu. Àwọn àgbẹ̀ náà kó ọ̀bẹ ti ọsàn, nítorí ọ̀bẹ ni a fi ń gé ọsàn. Wọ́n ní bí ọlọ́gbọ́n yóò ti ṣe é nìyẹn. Joseph Glick ròyìn pé nígbà tí ó sú àwọn olùwádìí, wọ́n béèrè pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ti ṣe é, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ náà to oúnjẹ ti oúnjẹ, irinṣẹ́ ti irinṣẹ́, bí ìwé Òyìnbó ti fẹ́ ẹ gan-an. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn olùkọ́ rí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Robert Serpell náà ní kí àwọn ọmọ Lusaka ní Zambia àti àwọn ọmọ Manchester ní Ìlú Ọba ṣe àdàkọ ohun kan náà: nígbà tí ó jẹ́ pẹ́ńsù àti ìwé, àwọn ọmọ Manchester borí, nígbà tí ó jẹ́ wáyà, èyí tí àwọn ọmọ Lusaka fi ń ṣe mọ́tò ìṣeré, àwọn ọmọ Lusaka borí, nígbà tí ó jẹ́ amọ̀, wọ́n bá ara wọn dọ́gba.

Paul Schwarz, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣe ìdánwò ẹ̀bùn iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní nǹkan bí 1960, rí ọgbọ́n tó yẹ kí gbogbo olùdánwò dì mú. Ó pinnu pé ìdánwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ni bí a ti ń ṣe ìdánwò: kí a fi ẹnu ṣàlàyé, kí a fi ọwọ́ hàn, kí ọmọ gbìyànjú rẹ̀ wò títí yóò fi yé e, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹ bi ilé-ìwé léèrè bóyá wọ́n ṣe èyí, bóyá èdè tí ọmọ gbọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àti àwọn ọmọ ibo ni wọ́n fi í wé.

Ó ku ibì kan. Àwọn Baoulé ti Ivory Coast, ọmọ Akan ni wọ́n. Ìtàn wọn sọ pé láti ilẹ̀ Asante yìí ni ọbabìnrin Abla Pokou ti kó wọn lọ. Pierre Dasen bi àwọn àgbà wọn pé irú ọmọ wo ni a ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Wọ́n ní n'glouèlê ni ọgbọ́n, wọ́n sì ka ìrántí àti ìwé mímọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n olórí rẹ̀ ni o ti kpa, ìwà ọmọ tó rí iṣẹ́ tí ó sì ṣe é láìrán an, tí a lè gbé ọmọ ọwọ́ tì kí a sì lọ sóko. Nígbà tí Dasen fi ìdájọ́ àwọn àgbà wé ìdánwò ìrònú tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù gbé wá, àwọn méjèèjì kò bára mu. WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, ọdún tí Jahoda gúnlẹ̀ sí Gold Coast, ti ń wọn ìṣirò àti gírámà àwọn ọmọ wa láti ìgbà náà; ibi tí a ó kọ máàkì o ti kpa sí kò sí lórí ìwé èsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ìyá olónjẹ máa ń wò kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́.